Láti Aro dé Allada: Ìtàn Àwọn Tó Kọ́ Ẹ̀kọ́ Nípa Ọpọlọ Wa



Lọ́dọọdún, bí èsì BAC bá ti jáde, ìbéèrè kan wà tí kì í wọ́n lórí tẹlifóònù wa. Ìyá kan á pè, á ní: "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi obìnrin yege o. Mo ní kó lọ kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí, òun ní sikolojí lòun fẹ́ lọ kọ́ ní Calavi. Irú ẹ̀kọ́ wo nìyẹn? Ṣé wèrè ni yóò máa tọ́jú ni? Ta ni yóò wá fẹ́ ẹ?" Lórí afẹ́fẹ́, èsì kúkúrú ni mo máa ń fún wọn, torí aago ń lọ. Nínú ìwé yìí, àyè wà díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ẹ̀kọ́ náà fún yín, torí pé ibi tó dùn jù nínú rẹ̀, Abẹ́òkúta ló ti ṣẹlẹ̀, ìlú tí púpọ̀ nínú yín ti ń ra àdìrẹ. Ẹ gba Igolo bọ́ sí Ìdìrókò, ẹ wọ mọ́tò. Bí àwọn aṣọ́bodè kò bá dá yín dúró, kí ọjọ́ tó rọ̀ ẹ ti débẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ̀kọ́ náà jẹ́. Sikolojí ń wádìí bí ẹ̀dá ṣe ń ronú, bó ṣe ń rántí, ohun tó ń dẹ́rù bà á, bí ọmọ ọdún méjì ṣe ń gbọ́ èdè láìsí tíṣà. Ẹ̀ka rẹ̀ kan wà tó ń wo ọpọlọ fúnra rẹ̀, nǹkan rírọ̀ tó wà nínú agbárí yẹn: apá wo ló ń sọ̀rọ̀, apá wo ló ń tọ́jú ìrántí, kí ló ń bà á jẹ́. Àìsàn wèrè wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ igun kan péré ni. Ìyálọ́jà tó mọ̀ pé bí òun bá fi ènì sí i, oníbàárà yóò tún padà wá, ó ti mọ díẹ̀ nínú sikolojí, kò kàn lọ sí yunifásítì ni.

Ó dáa, ìtàn.

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ni wọ́n ń gbé aláìsàn ọpọlọ lọ, bí ti ọ̀dọ̀ wa níbí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá ṣí ilé kan sí Yaba ní 1907. Ẹ má pè é ní ilé ìwòsàn o. Ibi tí wọ́n ń kó aláìsàn pa mọ́ sí ni, kí wọ́n má baà máa rìn kiri ìgboro. Ní Abẹ́òkúta, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ní Lantoro ni wọ́n sọ di ti aláìsàn ọpọlọ. Ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ìyẹn nìkan ti sọ ojú tí wọ́n fi wò wọ́n.

Nígbà náà, àwọn tó ń kọ̀wé nípa orí wa kì í ṣe ọmọ wa. Dókítà òyìnbó kan wà ní Kenya tó ń jẹ́ J. C. Carothers. Wọ́n fi í ṣe olórí ilé àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Mathari, Nairobi, ní 1938, nígbà tí kò tíì kọ́ nǹkan kan nípa àìsàn ọpọlọ. Nígbà tó yá, ó di ẹni tí wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ní 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde tó kọ nípa ọkàn ọmọ Áfíríkà. Ó ní àwa dúdú kì í lo iwájú ọpọlọ wa bó ṣe yẹ, pé a dà bí òyìnbó tí wọ́n ti fi abẹ gé iwájú ọpọlọ rẹ̀. Ó tún ní àìsàn ìbànújẹ́, èyí tó ń mú ènìyàn dùbúlẹ̀ tí kò fẹ́ jẹ, tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀, pé kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe wá. Ẹ̀yin tí ẹ ti sin ọmọ rí, ohun tí wọ́n kọ nípa yín nìyẹn, àjọ ńlá sì tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ọdún kan péré lẹ́yìn ìwé yẹn, ọmọ Abẹ́òkúta kan padà wálé láti ìlú òyìnbó. Thomas Adéoyè Lambo ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1923 ni wọ́n bí i. Ó ka ìwé ní Baptist Boys' High School, ó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Birmingham, ó sì kọ́ ti àìsàn ọpọlọ ní London. Ní 1954 wọ́n fi í sí olórí ilé ìwòsàn tuntun ní Aro, lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Ó débẹ̀, ilé kò tíì parí. Kò sí bẹ́ẹ̀dì fún àwọn aláìsàn. Dókítà mìíràn ì bá jókòó máa kọ lẹ́tà sí ìjọba. Lambo gba inú abúlé tó yí Aro ká lọ.

Ó bẹ àwọn baálé àti àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n gba aláìsàn sílé, àwọn ẹbí aláìsàn yóò san owó yàrá. Kò rọrùn, ta ló fẹ́ kí wèrè wá sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ òun? Àmọ́ ó fi sùúrù bá wọn sọ ọ́ títí wọ́n fi gbà, owó yàrá sì ń wọlé fún wọn, ilé ìwòsàn sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́ lórí omi àti àtúnṣe ilé. Òfin kan wà tí kò yẹ̀: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá rẹ̀ ni o, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni o, ẹnì kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, kó máa se oúnjẹ fún un, kó máa fọ aṣọ rẹ̀, kó máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀ láti gba oògùn. Bó bá di ọ̀sán, wọ́n á padà sí abúlé. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti ń balẹ̀ lè tẹ̀ lé onílé lọ sóko.

Ẹ wo bó ṣe yàtọ̀ sí Yaba. Ẹni tí orí rẹ̀ dàrú ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń jẹ ẹ̀kọ tó mọ̀, wọ́n ń kí i láàárọ̀, òun náà ń dáhùn. Ìyá rẹ̀ náà sì ń rí i bí wọ́n ṣe ń lo oògùn, torí náà nígbà tí wọ́n bá padà sílé, kì í ṣe àjèjì sí ìtọ́jú náà. Àwọn dókítà láti ìlú òyìnbó wá ń rìnrìn àjò wá wo Aro. Ní 1961, àwọn oníṣègùn ọpọlọ láti ibi púpọ̀ ní Áfíríkà pàdé ní Abẹ́òkúta, ìpàdé wọn àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní Dakar, ní ilé ìwòsàn Fann, dókítà Faransé kan tó ń jẹ́ Henri Collomb náà jẹ́ kí ẹbí máa bá aláìsàn gbé.

Lambo ṣe ohun kan tó bí àwọn òyìnbó kan nínú: ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ó ní wọ́n mọ ẹbí, wọ́n mọ ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba aláìsàn, kí wọ́n máa bá wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n máa ṣe ètùtù wọn, òun yóò máa fún wọn ní oògùn àti abẹ́rẹ́. Ìbí yìí, ẹ gbà mí láyè kí n sọ tèmi. Mo gbà pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà oníṣègùn mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ tu ènìyàn nínú ju àwa tí a wọ aṣọ funfun lọ. Àmọ́ mo ti fi ọwọ́ mi wẹ ojú egbò tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dá sí ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ ọdún 19, egungun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ. Ètùtù kò ní mí lára. Ẹ̀wọ̀n àti pàṣán ló ní mí lára.

Lára ohun tí wọ́n rí kọ́ lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ni ewé àsofẹyẹjẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ewé àti egbò igi lọ́jà Pọ́bẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa. Dókítà ará Canada kan, Raymond Prince, tó ṣiṣẹ́ ní Aro ní nǹkan bí 1957 sí 1959, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ní 1960 pé àwọn oníṣègùn Yorùbá ń lo igi yìí fún wèrè. Ìdí rẹ̀ nìyí: nínú irú igi bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ oògùn ti yọ èròjà kan jáde ní 1952, tí wọ́n ń pè ní reserpine, tí wọ́n sì ń fi tọ́jú aláìsàn ọpọlọ àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn bàbá wa kò ṣàdédé lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: èròjà yìí kan náà máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, bó bá pọ̀ jù ènìyàn lè dákú, ó sì lè kó ìbànújẹ́ bá ẹlòmíràn títí yóò fi fẹ́ pa ara rẹ̀. Nínú àgbo, kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ má tà á fún ẹni tó ní òun fẹ́ fi "tú orí" ọmọ òun.

Ọ̀rọ̀ Carothers wá ńkọ́? Lambo àti àwọn onímọ̀ láti yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, tí Alexander Leighton ṣáájú wọn, wọ inú àwọn abúlé Ẹ̀gbá lọ ní 1961. Wọ́n ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ nílé wọn, wọ́n ń béèrè bí wọ́n ṣe ń sùn, bí ọkàn wọn ṣe rí. Wọ́n tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 1963. Wọ́n bi àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ nípa àìsàn ìbànújẹ́. Wọn kò ní orúkọ kan pàtó fún un. Àmọ́ nígbà tí wọ́n dárúkọ àmì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àìsùn, ẹkún, oúnjẹ tí kò wọ ẹnu, àárẹ̀ tí kò lọ, wọ́n mọ gbogbo rẹ̀, àìsàn náà sì wà lára àwọn ará abúlé yẹn. Ohun tí òyìnbó kan ní kì í ṣe wá, àwọn tó gbọ́ èdè wa ló rí i. Bí ẹ bá rí obìnrin tó bímọ, tí oṣù kan ti kọjá, tí kò gbé ọmọ mọ́ra, tó ń sunkún láìnídìí, ẹ má ní ọ̀lẹ ni. Ẹ mú un wá.

Prince yìí kan náà ló kọ nípa ohun tó kan ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní CEG àti ní Calavi jù. Ní Aro, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá bá a, wọ́n ní orí ń gbóná bí iná, ó dà bí ẹni pé kòkòrò ń rìn nínú rẹ̀. Wọ́n ka ìwé, kò wọlé. Ojú ń ṣú. Àwọn kan ń sunkún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń pè é ní brain fag, ìyẹn ni pé ọpọlọ ti rẹ̀. Prince kọ ọ́ jáde ní 1960, láti ìgbà náà àwọn dókítà ayé bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní àìsàn àwọn ọmọ Áfíríkà. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìwé ńlá tí wọ́n fi ń dá àìsàn mọ̀ ní 1994, sínú abala àwọn àìsàn tó jẹ́ ti ẹ̀yà kan tàbí òmíràn. Nígbà tí wọ́n tún ìwé náà ṣe ní 2013, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú àkójọ yẹn. Àwọn onímọ̀ tiwa sì ti tú ìwé ìròyìn àtijọ́ ìlú Gẹ̀ẹ́sì wò, wọ́n rí i pé àwọn òyìnbó ń lo orúkọ yẹn fún àwọn akọ̀wé àti akẹ́kọ̀ọ́ tiwọn kí ọdún 1900 tó dé. Ẹ̀yin ẹ kàn rẹ́rìn-ín.

Kí ló fà á? Prince ní ẹ̀kọ́ ìwé tó jẹ́ tàjèjì wà níbẹ̀, ẹrù tí ẹbí dì lé ọmọ lórí sì wà níbẹ̀. Apá kejì yìí ni mo gbà jù. Ìyá ti ta wúrà etí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n fi ilé ìwé sílẹ̀ nítorí àbúrò, bàbá ń sọ ọ́ lójú gbogbo ará ilé pé "ìwọ ni ojú wa ń wò." Ọmọ náà jókòó sídìí iná títí di aago mẹ́ta òru, bí kò bá yege, ilé tó wó lórí rẹ̀ ju tirẹ̀ nìkan lọ. Ó wá ń wá ohun tí kò ní jẹ́ kó sùn: obì, kọfí, tàbí àwọn hóró tí wọ́n ń tà lábẹ́ tábìlì, Tramadol àti irú wọn. Àwọn olùwádìí ní Ifẹ̀ náà tọ́ka sí oògùn má-sùn yìí láàárín àwọn tó ń ní irú orí gbígbóná bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ̀kọ́ ọpọlọ sì ti fi hàn kedere ni pé ojú oorun ni ọpọlọ ti máa ń to ohun tí a kọ́ lọ́sàn-án sí ipò rẹ̀. Ẹni tó fi oorun ra ìwé kíkà, ó ra ọjà tí kò ní gbé délé. Bí ọmọ yín bá ní nǹkan ń rìn lórí òun, ẹ kọ́kọ́ bi í pé aago mélòó ló ń sùn, kí ló ń mu. Kí ẹ tó sá lọ wádìí ta ló sà sí i. Bó bá pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tàbí tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ó ti di ti ilé ìwòsàn.

Lambo di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, ó sì di olórí rẹ̀ ní 1968. Nígbà tó di 1973, ó di igbákejì ọ̀gá àgbà ní Àjọ Ìlera Àgbáyé, àjọ tó tẹ ìwé Carothers jáde yẹn gan-an. Ó kú ní 2004. Lọ́dọ̀ tiwa, yunifásítì Dahomey ṣí ní 1970, òun ló di ti Abomey-Calavi ní 2001. Fún aláìsàn, Jacquot wà ní Kútọnu, ilé Saint Camille tí ọmọ Benin kan, Grégoire Ahongbonon, dá sílẹ̀ sì wà ní Avrankou, kò jìnnà sí Sàkẹ́tẹ́. Ahongbonon kì í ṣe dókítà o, táyà ló ń tún ṣe ní Côte d'Ivoire kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn tí wọ́n so mọ́ igi sílẹ̀.

Ní Ìbàdàn, láti 1992, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Wọ́n fẹ́ mọ iye àgbàlagbà tó ń ṣarán. Báwo lẹ ṣe fẹ́ dán ọpọlọ ìyá àgbà tí kò rí ilé ìwé rí wò? Bí ẹ bá ní kó kọ orúkọ rẹ̀, kì yóò lè kọ ọ́, kì í ṣe torí pé ó ń ṣarán. Wọ́n wá ṣe ìdánwò náà ní èdè Yorùbá, láìsí ìwé kíkà níbẹ̀, wọ́n sì ń bi àwọn ọmọ rẹ̀ léèrè pẹ̀lú: ṣé màmá ṣì ń mọ ọ̀nà ilé? Ṣé wọ́n ń gbàgbé ìkòkò sórí iná? Wọ́n fi wé àwọn dúdú ará Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Ní 2001 wọ́n kéde pé nínú 100 àgbà tó ti pé 65, ẹni 1.15 ni àìsàn Alzheimer ń mú lọ́dún kan ní Ìbàdàn, ní Indianapolis ẹni 2.52. Ó kéré níbí, àmọ́ ó wà. Màmá tó ń ṣi ọ̀nà, tó ń pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ ẹni tó ti kú, àìsàn ló ń ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní àjẹ́ nínú ilé yín.

Èyí tó kù sún mọ́ wa jù. Ní Allada, nílẹ̀ Benin wa yìí, àwọn olùwádìí tẹ̀ lé àwọn aboyún láti nǹkan bí 2010, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn àti ìgbẹ́ wọn wò. Nígbà tí ọmọ pé bí ọdún kan, wọ́n tún dán òun náà wò. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tí ìyá wọn ní aràn inú nígbà oyún ń gba máàkì tó kéré sí i lórí òye àti lórí bí wọ́n ṣe ń lo ara wọn. Ẹ̀jẹ̀ ìyá tó kéré jù náà ń fara hàn nínú bí ọmọ ṣe ń jókòó, bó ṣe ń dìde. Torí náà, nígbà tí a bá fún yín ní oògùn ẹ̀jẹ̀, oògùn aràn àti oògùn ibà ní ọjọ́ ìtọ́jú oyún, tí ẹ sì lọ kó o sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì torí pé ó ń rùn, ọmọ tí ẹ fẹ́ kó gba BAC ni ẹ ń fi í dù.

Báwo ni wọ́n ṣe dán ọmọ ọdún kan wò? Wọ́n gbé e lé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, wọ́n fún un ní bọ́ọ̀lù, wọ́n gbé nǹkan ìṣeré pa mọ́ sábẹ́ aṣọ kí wọ́n rí i bóyá yóò wá a. Wọ́n ń wo bó ṣe ń mú nǹkan, bó ṣe ń yíjú sí ohùn, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, àwọn onísikolojí ló ṣe é. Iṣẹ́ tí ọmọ yín ní òun fẹ́ lọ kọ́ ní Calavi nìyẹn.